Ìyẹ́ ọfà mi ń ṣí, orí alábẹ sì ń gba apá òsì lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

#1 Ọlọ́fàTuntun (Georgia)
Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín o. Ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìyẹ́ ọfà mi fúnra mi nílé, iṣẹ́ náà ò sì lọ geere. Ohun tí mo ń lò nìyí: ọrun compound (èyí tó ní kẹ̀kẹ́ lórí méjèèjì) tó ń fà ní 60 pọ́ùn, ọ̀pá káábọ́nì spine 400 (nọ́ńbà bí ọ̀pá ṣe le tó) tí a gé sí íǹṣì 28, ìyẹ́ oníke íǹṣì 2 mẹ́ta lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, súpá gúlù inú ìgò kékeré, àti jig oníke tó ń mú ìyẹ́ dúró gbọnrangandan, tí kì í fì rárá. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nu ọ̀pá.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, bí ọfà kan bá ti lọ ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, iwájú ìyẹ́ á ti máa ṣí kúrò lára ọ̀pá. Èkejì, orí ìdánrawò gíréènì 100 (gíréènì ni a fi ń wọn ìwúwo ọfà) ń ba ibi tí mo fojú sùn ní 30 yáàdì, ṣùgbọ́n tí mo bá yí orí alábẹ gíréènì 100 sí i (abẹ mẹ́ta tó dúró gbagidi, kì í ṣe èyí tó ń là), íǹṣì 6 ló fi ń gba apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa ọsán. Sáà àwa ọlọ́fà á ṣí ní oṣù kẹsàn-án, ọfà mẹ́fà péré ló sì kù tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì pé. Ṣé gúlù ni, àbí jig, àbí ọwọ́ mi?

#2 Ẹ̀mú_Àgbẹ̀dẹ (Maryland)
Àbúrò, má tíì ra ohunkóhun. Mú ìyẹ́ kan tó ti ṣí, kí o gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, kí o wo abẹ́ rẹ̀. Gúlù tó ti gbẹ máa ń jẹ́rìí. Tí gbogbo gúlù bá tẹ̀lé ìyẹ́, tí ojú ọ̀pá sì ń dán bí ẹni pé nǹkan kan ò kàn án rí, ọ̀pá ló dọ̀tí. Tí gúlù bá dúró sára ọ̀pá bí ìlà tín-ín-rín, tí ìdí ìyẹ́ mọ́ lóló, ìdí ìyẹ́ ló lọ́ràá. Tí apá kan bá wà níhìn-ín tí apá kan wà lọ́hùn-ún, tó ń fọ́ bí èèpo ẹyin, tí funfun bí ẹfun sì yí i ká, o ti da gúlù pọ̀ jù.

Látinú ohun tí o sọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ti àkọ́kọ́ ni. Aṣọ gbígbẹ kì í mú ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára káábọ́nì, ńṣe ló ń tẹ́ ẹ káàkiri. Ṣe báyìí:

Mú kànìnkànìn aláwọ̀ ewé tí a fi ń fọ ìkòkò, fi ra íǹṣì 3 ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà yípo títí dídán rẹ̀ á fi kú. Kí dídán kú ni o, má ha káábọ́nì náà. Lẹ́yìn náà, da isopropyl alcohol 91% (ọtí ìnu-nǹkan, kì í ṣe èyí tí à ń mu) sórí tíṣù funfun, kí o fi nù ún lọ sápá kan ṣoṣo. Tíṣù á yọ dúdú. Mú òmíràn, nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tíṣù á fi yọ bó ṣe wà. Jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 3. Láti ìgbà yẹn lọ, ìka kankan ò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Fi ọtí kan náà nu ìdí ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Fi ìyẹ́ sínú ẹ̀mú jig, fa gúlù sí ìdí rẹ̀ ní ìlà tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Tí gúlù bá ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, ó ti pọ̀ jù. Tẹ ẹ̀mú mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí o tó yọ ọ́. Tí ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jókòó, kán gúlù ẹyọ kan sí ṣóńṣó iwájú àti ṣóńṣó ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán iwájú yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Nígbà tí ọfà bá wọnú fóòmù tí à ń ta sí, etí iwájú ìyẹ́ ni fóòmù kọ́kọ́ ń gbá. Bí etí yẹn bá dúró ṣánṣán, fóòmù á ká a sẹ́yìn, bí gúlù bá sì ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú rẹ̀, fóòmù á gorí rẹ̀ kọjá.

Ohun kan sí i: súpá gúlù máa ń dàgbà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le, ìgò tí a ti ṣí fún oṣù mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dé e pinpin, fi sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí òtútù rẹ̀ lọ tán kí o tó ṣí i, kí omi má baà sẹ̀ sẹ́nu rẹ̀.

#3 IgbóỌ̀dàn (Texas)
Ọtí ò tó. Acetone ni kí o rà. Fi nu ọ̀pá, fi nu ìyẹ́, kò sí ọ̀rá tí yóò dúró. Bí o ò bá rí acetone, omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ á ṣe é.

#4 Ìyá_Apó (New Jersey)
IgbóỌ̀dàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ìyẹn ṣe kí ẹnìkan má baà ba ọfà jẹ́. Acetone dára lójú káábọ́nì lásán, tí a bá fi nù ún tó sì gbẹ kíákíá. A kì í rì ọ̀pá sínú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ oníke yàtọ̀ síra wọn: òmíràn máa ń rọ̀ tàbí kí ó ká tí acetone bá kàn án. Ọtí ló yẹ ìdí ìyẹ́, àyàfi tí bébà inú páálí ìyẹ́ náà bá sọ ohun mìíràn. Wrap (ike fẹ́lẹ́ aláwọ̀ tí a ń lẹ̀ yí ìdí ọ̀pá ká kí a tó lẹ ìyẹ́) náà kì í gba acetone, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ní ti ohun ìpa-ọ̀dà-èékánná, ẹ má lò ó rárá. Òróró àti òórùn dídùn wà nínú púpọ̀ nínú wọn kí èékánná má baà gbẹ. Òróró yẹn gan-an ni àbúrò wa ń sá fún.

#5 IgbóỌ̀dàn (Texas)
Ẹ ṣeun, ìyá. Ti ìyẹ́ yẹn, mo gbà. Lórí ọ̀pá, mi ò ní fi acetone sílẹ̀.

#6 Baba_Ọsán (Ohio)
Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ gúlù, kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè kejì. Íǹṣì 6 ní 30 yáàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ gúlù.

Ọlọ́fàTuntun, orí ìdánrawò rí róbótó, afẹ́fẹ́ ò rí ibi dì í mú. Abẹ mẹ́ta iwájú, ìyẹ́ ni wọ́n. Bí ọfà bá fi ọrun sílẹ̀ tó yà díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbá abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa wọ́ orí ọfà lọ sápá tó ti yà sí. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ ní agbára tó pọ̀ tó láti fà á padà. Ìyẹ́ íǹṣì 2 tí a lẹ̀ gbọnrangandan kì í yí ọfà, ọfà tí kò bá sì yí yóò jẹ́ kí àṣìṣe kékeré gbé e lọ sápá kan ṣoṣo títí yóò fi balẹ̀.

Ohun tó kù ni kí ìyẹ́ fì. Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni kí ìyẹ́ tọ́, ṣùgbọ́n kí iwájú rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 2 tàbí 3. Èkejì ni ìlọ́, tí ìyẹ́ fúnra rẹ̀ á tẹ̀ wé ọ̀pá bí okùn tí a lọ́. Ìlọ́ ló ń yí ọfà jù. Jig Bitzenburger ní ẹ̀mú onílọ́ ọ̀tún, onílọ́ òsì àti èyí tó tọ́, o lè pààrọ̀ wọn. Jig oníke kékeré tí Bohning ṣe fún ìyẹ́ Blazer náà ń lọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kúkúrú nìkan ló gbà.

Lọ́ ọ sí ọ̀tún. Bí ọfà bá ń yí sí ọ̀tún lójú ẹni tó ta á, tó sì kan nǹkan, yíyí yẹn á máa há orí mọ́ ọ̀pá. Èyí tó yí sí òsì á máa tú u. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn kan fi máa ń tú lójú fóòmù láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

#7 Ẹ̀mú_Àgbẹ̀dẹ (Maryland)
Kí n fi kún ti Baba_Ọsán, torí ìlọ́ á dá ìṣòro kìíní padà bí a ò bá ṣọ́ra. Ọ̀pá tín-ín-rín ò lè gba ìlọ́ tó pọ̀. Bí ẹ̀mú bá lọ́ ju bí ọ̀pá ṣe rí lọ, àárín ìyẹ́ á jókòó, ṣóńṣó iwájú àti ẹ̀yìn á wà lófuurufú. Ojú á rò pé ó ti lẹ̀, gúlù ló kàn kún àlàfo náà. Kí o tó fi gúlù sí i, gbé ìyẹ́ gbígbẹ sínú ẹ̀mú, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá, kí o wá gbé fìtílà sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ ìdí ìyẹ́ níbikíbi, dín ìlọ́ kù.

#8 Òkè_Ọ̀pá (Pennsylvania)
Èmi ò fara mọ́ pé kí ìyẹ́ ṣe iṣẹ́ ọrun. Ìyẹ́ ńlá tó lọ́ gan-an á bo àléébù mọ́lẹ̀, ọfà á ṣì máa jáde láìtọ́, agbára tó yẹ kó fi wọlé sára àgbọ̀nrín á sì ti tán sójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ tún ọrun ṣe.

Àkọ́kọ́: yí orí alábẹ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀pá, gbé ṣóńṣó rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ tàbí tábìlì, kí o yí ọfà bí òkòtó. Bí ibi tí orí ti pàdé ọ̀pá bá ń gbọ̀n, orí tàbí ẹnu ọ̀pá ò tọ́. Ẹnu ọ̀pá tí a fi ayùn gé tí a ò fi sáńpépà tẹ́jú ló sábà ń fà á. Àgbọ̀n bí orí abẹ́rẹ́ tó láti fi íǹṣì mélòó kan ṣòfò ní 30 yáàdì.

Ìkejì: ta ọ̀pá kan tí kò ní ìyẹ́ rárá láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sójú bébà tí a nà sínú férémù. Ihò tó mọ́ róbótó ni à ń wá. Bí bébà bá ya sápá kan, ọrun lo máa tún ṣe.

Ìkẹta: torí pé orí alábẹ ń lọ sí òsì ti orí ìdánrawò, ti rest (ohun tí ọfà ń jókòó lé lára ọrun) sí òsì díẹ̀díẹ̀, 1/32 íǹṣì lẹ́ẹ̀kan.

#9 Baba_Ọsán (Ohio)
Òkè_Ọ̀pá, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ ti yí i po. Sight (ohun tí a fi ń fojú sùn) ni à ń tì tẹ̀lé ibi tí ọfà balẹ̀ sí. Rest ni òdìkejì rẹ̀: ibi tí a bá fẹ́ kí orí alábẹ lọ ni à ń tì í sí. Orí alábẹ wà ní òsì, a fẹ́ kó bá orí ìdánrawò ní ọ̀tún, nítorí náà ọ̀tún ni rest ń lọ. 1/32 íǹṣì tí ẹ sọ dára, kódà ìdajì rẹ̀ tó. Ta mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí o tún tì í. Tí oríṣi méjèèjì bá ti ń balẹ̀ síbì kan náà, ìgbà yẹn ni kí o wá fọwọ́ kan sight.

#10 Òkè_Ọ̀pá (Pennsylvania)
Òótọ́ ni, ọ̀tún. Ọlọ́fàTuntun, jọ̀ọ́ tẹ̀lé ti Baba_Ọsán lórí ìyẹn. Lórí àgbọ̀n orí àti bébà, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

#11 Ìyá_Apó (New Jersey)
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ẹ kọ́kọ́ tún ọrun ṣe, kí ẹ sì tún jẹ́ kí ìyẹ́ fì. Orí tó dúró gbagidi kò ṣeé fi ìyẹ́ tó tọ́ gbọnrangandan darí, bó ti wù kí ọrun dára tó.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́fàTuntun: ṣé ìyẹ́ náà ń kan rest bó ṣe ń kọjá? Ìyẹn náà á máa ṣí iwájú ìyẹ́, á sì máa tì ọfà sápá kan. Ra páúdà ẹsẹ̀ tó ń fọ́n jáde látinú agolo, fọ́n ọn sára ìyẹ́ àti ìdí ọ̀pá títí wọ́n á fi funfun, kí o wá ta ọfà kan. Wo páúdà náà dáadáa. Ibi tí nǹkan bá ti fara kan ìyẹ́, ìlà á wà níbẹ̀, páúdà á ti nù. Ẹlòmíràn máa ń fi ìtọ́tè kun ẹsẹ̀ rest dípò páúdà, àwọ̀ á wá yọ sára ìyẹ́. Bí ó bá ń kàn án, yí nọ́ọ̀kì (ẹnu ìdí ọfà tí ọsán ń wọ̀) díẹ̀ kí ìyẹ́ gba ibòmíràn kọjá, tàbí kí o tún àkókò rest ṣe tó bá jẹ́ irú èyí tó ń wó lulẹ̀ bí ọfà bá ti ń jáde.

#12 Ọlọ́fàTuntun (Georgia)
Ẹ ṣé gan-an. Mo wo ìyẹ́ mẹ́rin tó ti ṣí: gúlù wà lára ìyẹ́ pátápátá, ọ̀pá ń dán. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀mú_Àgbẹ̀dẹ, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Rest mi ń wó lulẹ̀, páúdà ò fi nǹkan kan hàn.

Ìbéèrè méjì kù. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n fi ike sílẹ̀, kí n lo ìyẹ́ ẹyẹ gidi íǹṣì 4. Ṣé ó sàn jù? Ẹ̀ẹ̀kejì, ìyẹ́ àṣá mélòó kan já bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gùn, wọ́n sì le. Ṣé wọ́n á ṣeé lò?

#13 Ìyá_Apó (New Jersey)
Ìyẹ́ àṣá: rárá, má tilẹ̀ gbé e wọlé. Lábẹ́ òfin Migratory Bird Treaty Act ti 1918, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní ìyẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyẹ ìgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ilẹ̀ lo ti ṣà á. Àṣá, òwìwí, kannakánná, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ti idì tún ní òfin tirẹ̀ láti 1940. Fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Tòlótòló ò sí lábẹ́ òfin yẹn, torí náà òun ni gbogbo wa ń lò, ti ìgbẹ́ tí a pa nígbà tí sáà rẹ̀ ṣí tàbí ti ilé.

#14 ApáÌdájú (Lọ́ńdọ̀nù)
Kí àwọn ará tiwa níbí má ṣì í gbọ́: ní UK òfin ò gbà kí a fi ọfà dọdẹ ẹranko ìgbẹ́ kankan, Wildlife and Countryside Act 1981 kà á léèwọ̀. Ojú àmì nìkan la ń ta sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyẹ́ kan náà ni, mo sì ń kọ́ púpọ̀ níhìn-ín.

#15 IgbóỌ̀dàn (Texas)
Lórí ìyẹ́ ẹyẹ, ohùn mi á le: lò ó. Mẹ́ta íǹṣì 4 ò tó gíréènì 10 lápapọ̀, nígbà tí ike Blazer mẹ́ta tó nǹkan bí 18. Ó ń dá ọfà dúró kíákíá torí ojú rẹ̀ ò dán, afẹ́fẹ́ rí ibi dì í mú. Bó bá sì kan rest, ńṣe ló ń tẹ̀ tó sì ń padà. Ike ń ta padà, á gbá ọfà kúrò lọ́nà.

#16 Òkè_Ọ̀pá (Pennsylvania)
Kí o sọ ìyókù fún un. Òjò. Ìyẹ́ ẹyẹ tó bá tutù á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa, kò ní darí nǹkan kan. Páúdà tàbí òróró tó ń lé omi wà, ó ń ràn án lọ́wọ́ fún àkókò díẹ̀, kì í ṣe fún ọjọ́ kan gbáko lórí igi nínú òjò oṣù kọkànlá. Ó tún máa ń dún. Ìyẹ́ ẹyẹ ń sú fẹ́ẹ́ lójú afẹ́fẹ́, àgbọ̀nrín sì ń gbọ́ ọ. Bí rest bá ń wó lulẹ̀ tí páúdà sì ti fi hàn pé nǹkan kan ò kàn án, èrè títẹ̀ tí ẹ sọ ò sí mọ́. Ike ni kó lò.

#17 IgbóỌ̀dàn (Texas)
Ike kúkúrú tó ga náà ń dún, àgbà. Ìyẹ́ tó kúrú tó sì ga ló ń pariwo jù nínú àwọn oníke. Bí ariwo lẹ ń sá fún, èyí tó gùn tó sì rẹlẹ̀ ni kó rà, íǹṣì 3 sí 4. Mo gbà lórí òjò. Ẹni tó bá ń ta recurve (ọrun tí ṣóńṣó rẹ̀ ká síwájú, tí kò ní kẹ̀kẹ́) tí ọfà ń gorí igi ọrun lọ, ìyẹ́ ẹyẹ nìkan ló lè lò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

#18 Tòlótòló_Kérésì (Ìbàdàn)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọrun recurve onígi la ní lọ́wọ́ níbí, páálí ìyẹ́ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ṣòroó rí rà. Ìyẹ́ tòlótòló tí a ń pa nígbà Kérésì ńkọ́? Báwo la ṣe ń sọ ọ́ di ìyẹ́ ọfà?

#19 Kédárì (Oregon)
Tòlótòló_Kérésì, ó dára gan-an bó bá jẹ́ akọ tó ti dàgbà. Ìyẹ́ apá ni o, kì í ṣe ti ìrù. Ti ìrù fẹ̀, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Àwọn ìyẹ́ ńlá tó wà ní ṣóńṣó apá lo fẹ́. 10 ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gùn tó. Kí o tó kó wọn jọ, di ti apá ọ̀tún lọ́tọ̀, ti apá òsì lọ́tọ̀, kọ ọ́ sára ọ̀rá, torí tí wọ́n bá ti dàpọ̀, wàhálà nìyẹn. Dì wọ́n sínú fíríìsà fún ọjọ́ mélòó kan kí kòkòrò inú wọn kú. Fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ wọ́n, tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn kí wọ́n gbẹ.

Ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ní apá tóóró tó le àti apá fífẹ̀. Apá fífẹ̀ là ń lò. Dojú ìyẹ́ dé, wàá rí kòtò tó gba àárín egungun rẹ̀ kọjá. Fi abẹ tuntun la kòtò yẹn láti ṣóńṣó lọ sí ìdí, díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ má wà níwájú abẹ. Apá fífẹ̀ tí o gbà á ṣì ní egungun tó nípọn, tó ṣe kọdọrọ. Kó o sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì tàbí rúlà irin méjì tí a fún pọ̀, kí egungun nìkan yọ síta. Ra á lórí sáńpépà 80 títí á fi tẹ́jú, kí o fi 120 parí rẹ̀. Ìgbà tó bá tó, egungun á fẹ̀ níwọ̀n 1/32 íǹṣì, á sì tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ tí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì le gan, kò ní gba ìlọ́, á máa fa ara rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá.

Gé e sí íǹṣì 4, tàbí 5 fún ọ̀pá igi tó wúwo. Fi páálí gé àwòrán tí o fẹ́, kí ó ga ní ìdajì íǹṣì, gbé e lé ìyẹ́, fi sísọ́ọ̀sì mímú gé e. Gé e láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí irun rẹ̀ ṣe sùn.

Gbogbo ìyẹ́ lórí ọfà kan gbọ́dọ̀ ti apá kan náà wá. Tẹ́ wọn sórí tábìlì, kí ojú gbogbo wọn wo ọ̀nà kan: bí ọ̀kan bá tẹ̀ sí òdìkejì, ti apá kejì ni. Ìyẹ́ apá ọ̀tún ni a ń fi sínú ẹ̀mú onílọ́ ọ̀tún, ti òsì sí ti òsì. Kò sí ohun tó jọ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ò lè lo ìyẹ́ òsì. Ó ń ṣiṣẹ́ dọ́gba, àdàlù ni kò dára.

#20 ApáÌdájú (Lọ́ńdọ̀nù)
Gúlù wo ni fún ìyẹ́ ẹyẹ? Súpá gúlù tí mo lò gun inú irun ìyẹ́ lọ, ó le bí ike.

#21 Kédárì (Oregon)
Ó ń fà á mu bí òwú àtùpà, nítorí náà kì í ṣe gúlù olómi. Fletch-Tite tàbí Duco ló yẹ, wọ́n nípọn, wọ́n sì mú ara igi dáadáa. Wọn ò yára: fi ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹ̀mú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí o tó yí ọ̀pá sí èyí tó kàn, lẹ́yìn náà kí ọfà sùn di ọjọ́ kejì.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ta ọfà lórí igi ọrun tàbí lórí ọwọ́ rẹ̀: ṣóńṣó egungun iwájú ìyẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ́ tán pátápátá, kí o fi gúlù bò ó títí ìka ò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó tó bá yọ ń wọ ẹran ara ẹ̀yìn ọwọ́, ó sì ń ṣẹ́ síbẹ̀.

Fún ọ̀pá igi, bí ọkàn igi ṣe ń lọ ni kí o fi nọ́ọ̀kì sí. Wo ìdí ọ̀pá, wàá rí àwọn ìlà ọjọ́ orí igi. Ẹnu nọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ dá wọn ní àgbélébùú, kí etí àwọn ìlà náà kọjú sí ọrun. Ibẹ̀ ni ọ̀pá ti le jù. Ìyẹ́ atọ́nà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, á wá kọjú síta kúrò lára ọrun. Ìyẹ́ tó bá ti wó lulẹ̀ nínú apó, gbé e sókè ooru kẹ́túlù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, á na ara rẹ̀.

#22 Baba_Ọsán (Ohio)
Mo rí i pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ̀yìn ọfà ò gbọ́dọ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Gbé ọfà tó ti ní orí lé etí rúlà títí á fi dúró dọ́gba, kí o wọn ibẹ̀ láti inú ẹnu nọ́ọ̀kì. Ká ní íǹṣì 17 ni, tí ọfà sì gùn ní 28: ìdajì 28 jẹ́ 14, ó kọjá ìdajì ní íǹṣì 3, 3 nínú 28 sì jẹ́ 10.7%. Fún ọdẹ, 10 sí 15 dára. Bí ọfà náà bá wọn gíréènì 400, tí o wá lẹ wrap gíréènì 10 sí ìdí rẹ̀, ojú ìdúró dọ́gba á padà sẹ́yìn sí nǹkan bí íǹṣì 16.6, yóò sì di 9.4%. Wrap rọrùn láti bó kúrò, mi ò sọ pé kó má lò ó, ṣùgbọ́n kó mọ ohun tó ń san.

Spine 400 náà dára fún 60 pọ́ùn pẹ̀lú orí 100. Bó bá fẹ́ gbé orí lọ sí 150, 340 ni kó rà, torí nọ́ńbà tó kéré ló le jù.

#23 Ẹ̀mú_Àgbẹ̀dẹ (Maryland)
Nípa bíbó: tí wrap bá wà, sísè ló yá jù. Gbé omi tó hó kúrò lórí iná, rì ibi ìyẹ́ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, gbogbo rẹ̀ á ká kúrò bí awọ. Má ṣe sè é lórí iná, ooru tó pọ̀ ń ba ohun tó so káábọ́nì pọ̀ jẹ́. Tí kò bá sí wrap, ọ̀bẹ tó kú díẹ̀ ni kí o fi ha gúlù kúrò, kí o tẹ́ ọ̀bẹ sùn, kí o tì í síwájú, má gún un wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, di ọ̀pá mú lórí méjèèjì, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yí i, tún tẹ̀ ẹ́, kí o tẹ́tí. Bó bá dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ ẹ kí o sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíràn má baà mú un tà. Káábọ́nì tó fọ́ lórí ọrun ń wọ ọwọ́ bí abẹ́rẹ́.

#24 Ọlọ́fàTuntun (Georgia)
Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀: ike tó gùn tó sì rẹlẹ̀ íǹṣì 3, kó fì sí ọ̀tún, ọ̀pá ríra, ọtí, ẹ̀kán gúlù sí iwájú, rest sí ọ̀tún. Èyí tó gbẹ̀yìn: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìyẹ́ ti lẹ̀ dáadáa láìtíì ta á? Ṣé mo sì lè gbé àwọn orí alábẹ tí mo fi dán an wò lọ sínú igbó?

#25 Ìyá_Apó (New Jersey)
Lọ́jọ́ kejì, fi àtàǹpàkò ti iwájú ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sápá kan, lẹ́yìn náà sápá kejì, kí o fún un ní agbára. Ike náà ló yẹ kó tẹ̀, ìdí rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbé. Bí ẹyọ kan bá gbé, bó o lónìí, má fi gúlù kún un lórí.

Orí tí o ti ta sínú fóòmù ti kú lẹ́nu, bó ti wù kó dán lójú. Fi bébà lásán dán an wò: tí kò bá gé e mọ́ láìfà á ya, pààrọ̀ abẹ rẹ̀ tàbí kí o pọ́n ọn kí ó tó padà sínú apó. Kọ nọ́ńbà sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń yà sọ́tọ̀ nígbà gbogbo pẹ̀lú orí alábẹ, yí nọ́ọ̀kì rẹ̀ sí ìyẹ́ tó kàn kí o tún un ta. Bó bá ṣì ń yà, fi orí ìdánrawò sí i, kó máa gbé ẹ̀yìnkùlé.